Bí a ṣe lè ka èsì WAEC ilé-ẹ̀kọ́ girama abúlé láì ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ WAEC kéde pé ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe ìdánwò àṣekágbá ní Nàìjíríà ló gba kírẹ́dítì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àjọ náà fi ti ojú-òpó èsì pa, tó sọ pé àṣìṣe ti wọ inú bí wọ́n ṣe máàkì apá kan nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì tún un ṣe. Nígbà tí èsì padà dé, ìdá náà ti di 62.96. Kí àtúnṣe yìí tó dé, ìbànújẹ́ ti wọ ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ti gba èébú, àwọn ènìyàn sì ti pín nọ́ńbà àkọ́kọ́ kiri orí WhatsApp débi pé àwọn kan ṣì gbà á gbọ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará gúúsù Kwara gan-an. Kò sí ọdún tí èsì ìdánwò jáde tí a kì í gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pé ilé-ìwé wa ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ìwé, tàbí pé àwọn olùkọ́ kàn ń gba owó oṣù lásán ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé-ìwé kékeré kan tí kò ní òrùlé gidi yóò gbé èsì tó borí ti àwọn ilé-ìwé ńláńlá ní Ìlọrin jáde, gbogbo ènìyàn yóò sì máa yọ̀. Mo kọ àlàyé yìí nítorí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń gbé kiri yìí kò sọ ohun tí a rò pé ó ń sọ, pàápàá bí ilé-ìwé tó ni ín bá jẹ́ ti ìgbèríko tí òṣì pọ̀ sí. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, tí kò sì mọ àwọn ọmọ tí wọn kò kà mọ́ ọn, yóò máa bá aláìjẹ̀bi wí.

Kí ni wọ́n ń pè ní "yege" gan-an?

WAEC ni àjọ ìdánwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, tí Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gáḿbíà àti Làìbéríà jọ ń lò báyìí. Ìdánwò rẹ̀ tí àwọn ọmọ SS3 máa ń ṣe ni a ń sọ níhìn-ín. Ipele mẹ́sàn-án ló wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: A1, B2, B3, C4, C5, C6, D7, E8 àti F9. Ẹni tó bá gba A1 títí dé C6 ti gba kírẹ́dítì nínú iṣẹ́ náà. D7 àti E8 jẹ́ páàsì lásán, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í sábà gbà, F9 sì ni ìkùnà.

Kò sí ibì kankan nínú ìwé èsì ọmọ tí WAEC ti kọ ọ́ pé ọmọ yìí yege tàbí pé ó kùnà lápapọ̀. Nítorí pé àwọn yunifásítì máa ń béèrè kírẹ́dítì márùn-ún, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ sì ń béèrè pé kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà lára wọn, ni ìwọ̀n yẹn fi di èyí tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó túmọ̀ sí. Bí ọmọbìnrin kan bá gba kírẹ́dítì ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Baọ́lọ́jì, Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Ẹkọ́nọ́míìsì, Jọ́gíráfì àti ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú, tó wá gba D7 ní Ìṣirò, wọn kò ní kà á mọ́ àwọn tó yege nínú nọ́ńbà tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde. Ojú kan náà ni nọ́ńbà yẹn fi wo òun àti ọmọ tó gba F9 nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí òun náà bá sì padà lọ ṣe Ìṣirò nìkan nínú NECO tàbí nínú WAEC tọdún tó ń bọ̀, tó gba C6, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yóò gbà á pẹ̀lú ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò méjì tí a so pọ̀. Kò sí ẹni tí yóò padà wá tún nọ́ńbà ilé-ìwé rẹ̀ ṣe nítorí ìyẹn.

Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ JAMB. JAMB jẹ́ ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, 400 ni gbogbo máàkì rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ kírẹ́dítì nínú rẹ̀.

Èéṣe tí ìdá ilé-ìwé kékeré fi ń fò sókè tó tún ń já lulẹ̀?

Ká sọ pé ọmọ mẹ́rìnlá ló jókòó ṣe WAEC ní ilé-ìwé kan ní abúlé kan lẹ́yìn Igbájà, tí márùn-ún nínú wọn sì dé ìwọ̀n tí a ń sọ yìí. Ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ méjìlá ló jókòó, méje sì yege: ìdá náà di 58. Ẹni tó bá gbọ́ 36 àti 58 yóò ní ilé-ìwé náà ti yí padà, bí ọ̀gá tuntun bá sì ti dé láàárín kan, òun ni wọn yóò máa yìn. Bẹ́ẹ̀, ọmọ méjì péré ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé ìbejì kan tí orí wọn pé bọ́ sí ọdún kejì, ó sì lè jẹ́ pé ibà dá ọmọ kan dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣirò lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ilé-ìwé ńlá kan ní Ìlọrin tí ọmọ 300 ti jókòó, ọmọ méjì kò lè gbé nọ́ńbà náà kúrò lójú kan. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, èsì ọdún kan ní ilé-ìwé abúlé kò tó ohun tí a ń gbé ìdájọ́ kà lé lórí. Bí a bá kó èsì ọdún márùn-ún pọ̀, tí a ka gbogbo àwọn tó jókòó àti gbogbo àwọn tó yege, nígbà náà ni a tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Àwọn wo ni wọn kò kà mọ́ ọn?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn kì í sábà rí. Bí àgbẹ̀ kan bá kọ ọgọ́rùn-ún ebè, tí ọgbọ̀n iṣu péré sì dé ọjà, tí a wá yẹ ọgbọ̀n yẹn wò tí a rí i pé ìdajì wọn tóbi, a kò tíì sọ ohunkóhun nípa àádọ́rin ebè tó kù lóko. Ìdá tí wọ́n ń kéde lẹ́yìn WAEC, àwọn tó jókòó nìkan ló kà. Àwọn tó wọ JSS1 lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn pẹ̀lú wọn, tí wọn kò sì dé gbọ̀ngán ìdánwò, kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kó sì jẹ́ dandan. Láti SS1 lọ, dandan ti kúrò níbẹ̀, ẹnu ibodè yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ti ń yà bàrá. Ọmọkùnrin kan yóò lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí kó máa gun ọ̀kadà. Ọmọbìnrin kan yóò lóyún, ojú yóò sì tì í láti padà wá sí kíláàsì kan náà, nígbà mìíràn ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni kò ní gbà á. Àwọn mìíràn yóò lọ máa gbé ọ̀dọ̀ ẹbí ní Ìlọrin tàbí Èkó, a kò sì ní mọ̀ bóyá wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sọ wọ́n dà.

Àwọn tó dé SS3 kò tíì bọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ WAEC wà níwájú, a sì máa ń san án ní oṣù púpọ̀ ṣáájú ìdánwò, lákòókò tí owó lè máà sí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní ìdílé tí ọmọ méjì ti wà ní SS3 pa pọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan ni wọn yóò lè san tirẹ̀, wọn yóò sì ní kí èkejì dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn kì í sábà dé. Láfikún, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kan wà, ní ìlú ńlá pàápàá, tí wọ́n máa ń rọ ọmọ tí kò já fáfá pé kó lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, kí ìdá ilé-ìwé tiwọn má bàa lọ sílẹ̀. Ilé-ìwé abúlé tó bá gbà á tó sì jẹ́ kó jókòó yóò dàbí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí ilé-ìwé tó ṣe ọmọlúàbí ni nọ́ńbà ń jẹ níyà.

Báwo ni òṣì ṣe ń wọ inú ìwé?

Ìwádìí kan tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè gbé jáde ní ọdún 2022 wo òṣì láti ọ̀nà púpọ̀: oúnjẹ, omi, ìlera, ẹ̀kọ́, ilé àti iṣẹ́. Ó rí i pé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà ni òṣì bẹ́ẹ̀ ń bá fínra, ìyẹn ènìyàn mílíọ̀nù 133. Ní ìlú ńlá, ìdá náà jẹ́ 42. Ní ìgbèríko, ó jẹ́ 72. Ṣùgbọ́n òṣì fúnra rẹ̀ kì í wọ gbọ̀ngán ìdánwò lọ jókòó. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń bu ọjọ́ ilé-ìwé jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo ọjà. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ló ṣì ń ná ọjà ọrọọrún. Bí ìyá bá ń ta gààrí tàbí ata, lọ́jọ́ ọjà ni yóò nílò ọmọ tí yóò bá a gbé ẹrù, tí yóò sì bá a jókòó ti àtẹ nígbà tó bá lọ ra nǹkan. Bí a ṣe ń ka ọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà náà ń bọ̀, nítorí náà ọmọ tí kò bá lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ ọjà yóò pàdánù nǹkan bí ọjọ́ kan nínú ọjọ́ ilé-ìwé mẹ́rin. Nínú sáà tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, ìyẹn súnmọ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Olùkọ́ Ìṣirò kò lè dúró dè é. Bí wọ́n bá kọ́ bí a ṣe ń wá x lọ́jọ́ tí kò sí níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lé e lórí yóò di òkùnkùn fún un.

Ẹ wo kajú pẹ̀lú. Láti oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹrin ni kajú máa ń já sílẹ̀ jù ní agbègbè wa, owó gidi sì ni. Àwọn ọmọ SS3 máa ń lọ ṣà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí owó ìwé àti aṣọ tiwọn. Àkókò yìí náà ni ìdánwò ìdánrawò (mock) máa ń wáyé ní ilé-ìwé, tí WAEC sì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá jí ní aago márùn-ún lọ ṣa kajú, tó rin ìrìn ibùsọ̀ mélòó kan dé ilé-ìwé láìjẹun, yóò jókòó sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní sí lára pátákó. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ló wà fún. Kò kan ọmọ girama. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, iná kò sí láti fi kàwé. Ní ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ kí WAEC àti NECO bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mo gbàdúrà pé kí ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ kọ́kọ́ wá wo àwọn ilé-ìwé tí ọmọ ti ń parí SS3 láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Olùkọ́ mélòó ló wà, iṣẹ́ wo ni wọ́n sì ń kọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé-ìwé kan ní olùkọ́ mẹ́wàá, ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé mẹ́rin nínú wọn ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú, tí kò sì sí ẹyọ kan tó kọ́ Físíìsì. Ní ilé-ìwé abúlé, olùkọ́ Baọ́lọ́jì ló sábà máa ń di olùkọ́ Kẹ́mísìrì, òun náà ni yóò tún kọ́ Ìṣirò ní JSS nígbà tí ẹni tó ń kọ́ ọ bá gba ìyípadà lọ sí Ọ̀fà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń gbé ara lé àgùnbánirọ̀ fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ń gbìyànjú gidigidi, ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ń lò, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa mọ ibi tí àwọn ọmọ ti ṣubú, ìsìnrú ìlú wọn ti parí. Àwọn mìíràn ni olùkọ́ tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń dá owó jọ san, owó náà kò sì pọ̀ tó láti dá ẹni tó já fáfá dúró.

Ìjọba Kwara gba olùkọ́ tuntun tó lé ní 4,000 ní ọdún 2021, ohun tó dára sì ni. Ìṣòro tó kù ni bí a ṣe máa jẹ́ kí ẹni tí a gbé lọ sí abúlé dúró níbẹ̀. Olùkọ́ tó ní ìdílé ní Ìlọrin tàbí Òmù-Àrán, tí kò rí ilé tó dára gbé ní ibi iṣẹ́, yóò máa wọkọ̀ lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò kọjá agbára rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, yóò sì máa wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kí wọ́n lè gbé e sún mọ́ ilé. Èmi kò gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Ẹni tí ìdajì owó oṣù rẹ̀ bá ń lọ sọ́wọ́ awakọ̀, kò sí bí a ṣe lè bá a wí tí yóò fi dúró.

Kí a lè mọ ohun tí àìsí olùkọ́ gidi àti irinṣẹ́ ń ṣe, ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò àṣefihàn Kẹ́mísìrì. Wọn yóò gbé bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì gígùn tí a lè ṣí, tí a sì lè tì pa nísàlẹ̀), pípẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń fa omi) àti ìgò mélòó kan síwájú ọmọ. Yóò fi pípẹ́ẹ̀tì fa omi kan dé orí ìlà gan-an, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Yóò tú u sínú ìgò, yóò kán oògùn tó ń fi àwọ̀ hàn sí i, yóò wá máa tú ásíìdì sí i láti inú bùrẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ń yí àwọ̀ padà, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti bùrẹ́ẹ̀tì pa lórí ẹ̀kán yẹn. Yóò tún un ṣe, nọ́ńbà tí yóò kọ sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ọmọ tó ti ń ṣe é láti SS1 kò ní í ronú sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni wọ́n tó rí owó ra ásíìdì, ọjọ́ náà ni ọmọ ń fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ẹ̀kán mẹ́rin yóò sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀kan ti tó, àwọ̀ yóò ki ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà kò sì ní bára mu. Kò sí bí ọmọ náà ṣe lè fi ọpọlọ nìkan gba máàkì yẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ló ń dá wọn dúró?

Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gààrí mọ èrè àti àdánù. Bí ẹ bá bi í ní Yorùbá pé a ra àpò kan ní iye báyìí, a tà á ní iye báyìí, èló ni a jèrè nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, yóò fi ọkàn ṣe é kí ẹ tó tẹ fóònù yín tán. Ẹ gbé ìbéèrè kan náà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń kọ, tó jẹ́ gbólóhùn gígùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí ní àyíká rẹ̀, yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ìdí nìyí tí Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé ọmọ fi ń ba Ìṣirò, Baọ́lọ́jì àti Ẹkọ́nọ́míìsì jẹ́ pa pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, èyí kò ní wo àrùn náà sàn, nítorí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà ní èdè tó gbọ́ kò lè tètè mọ̀ ọ́n kà ní èdè tí kò gbọ́.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìnnà sẹ́yìn SS3. Ní ọdún 2008, ìjọba Kwara fún àwọn olùkọ́ tó lé ní 19,000 ní ìdánwò tó wà ní ìwọ̀n ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹrin. Àwọn tó dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ kò tó ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn náà ba gbogbo ènìyàn nínú jẹ́ nígbà náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní lọ́dún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu WAEC ní nǹkan bí ọdún 2020 ni. Olùkọ́ girama tó bá gba ọmọ tí kò lè ka ojú ewé kan já ní JSS1 ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́: kó kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ti mọ̀, kó sì tún kọ́ ọ ní ohun tí WAEC ń béèrè. Ètò ẹ̀kọ́ kò fún un ní àyè fún èyí àkọ́kọ́.

Ṣé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìròyìn ayọ̀?

Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí a ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, níbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè kọ ìdáhùn fún wọn. Wọ́n fẹ́ràn ibi tó jìnnà sí ọ̀nà, nítorí alábòójútó ìdánwò kì í tètè dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti fura ni kí a fi iye ọmọ SS2 ọdún tó kọjá wé iye tó jókòó ní SS3. Bí SS2 bá ní ogún ọmọ, tí àádọ́rùn-ún sì jókòó ṣe WAEC, àwọn àádọ́rin náà kò kàwé ní abúlé yẹn. Wọ́n wọkọ̀ wá ni.

Lọ́dún 2024 àti 2025, èsì àwọn ọmọ tí WAEC dá dúró nítorí ẹ̀sùn jìbìtì ìdánwò ju 150,000 lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Nítorí jìbìtì yìí náà ni WAEC fi bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè lọ́nà tó yàtọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Baọ́lọ́jì àti Ẹkọ́nọ́míìsì ní 2025, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe máàkì Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà ti wáyé. Ohun tó burú jù fún ọmọ abúlé ni pé bí orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ bá ti bàjẹ́ báyìí, kò sí ẹni tí yóò gbà pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ C5 tó gbà. Ilé-ìwé tó gba ìdá 30 pẹ̀lú òtítọ́ sàn fún ìlú ju èyí tó gba ọgọ́rùn-ún lọ́nà yìí.

Ààbò ńkọ́?

Ọdún méjì sẹ́yìn, bí a bá ń ka ohun tó ń fa ìkùnà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fi èyí kún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti ilé-ìwé pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara. Wọ́n padà rí àwọn tí wọ́n kó lọ gbà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò lọ. Òbí tó lówó lè gbé ọmọ lọ sí Ìlọrin. Olùkọ́ tó bá ti ń ronú láti gba ìyípadà kò ní dúró mọ́. Àwọn tó kù nínú kíláàsì ni àwọn tí kò ní ibòmíràn láti lọ, èsì tiwọn sì ni a máa fi ṣe ìdájọ́ ilé-ìwé náà ní ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló yẹ kí a béèrè nígbà tí èsì bá dé?

Kí a tó béèrè ìdá, ẹ jẹ́ ká béèrè iye ọmọ: mélòó ló wọ JSS1 lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó ló dé SS3, mélòó ló sì jókòó. Ìwé orúkọ kíláàsì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kì í ṣe àṣírí. Ẹ béèrè iye tó gba kírẹ́dítì márùn-ún tí Ìṣirò nìkan sì dá dúró, nítorí ilé-ìwé tí àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí kò bàjẹ́. Olùkọ́ kan ló ṣaláìní. Kí òbí tó bá ní ọmọ ní SS2 sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìforúkọsílẹ̀ pamọ́ lásìkò kajú ọdún tó ṣáájú ìdánwò, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde rẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nítorí àwọn ló máa ń dá owó jọ lọ́jọ́ àjọ̀dún ìlú, tí wọ́n fi ń kọ́ géètì tàbí tí wọ́n fi ń kun ilé-ìwé lọ́dà. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ẹgbẹ́ bá san iye yẹn lóṣooṣù fún olùkọ́ Ìṣirò kan, 840,000 náírà ni lọ́dún. Bí wọ́n bá fẹ́ kí kíláàsì kan ní olùkọ́ kan náà láti JSS1 títí dé SS3, 5,040,000 náírà ni fún ọdún mẹ́fà, ó sì yẹ kí a fi nǹkan lé e nítorí ilé gbígbé, kí olùkọ́ náà má bàa sá lọ. Kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n ní kí ọ̀gá ilé-ìwé mú táìmù-tébù wá, kí wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí gbogbo iṣẹ́ tí kò ní orúkọ olùkọ́ kankan níwájú rẹ̀.